Kòkòrò, Hùkàsì àti Oró: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ohun Tí Ó Ń Ba Àgbàdo Jẹ́

Orúkọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pe ohun tí ó ń ba àgbàdo jẹ́: kòkòrò. Bí ìdin bá gbẹ́ inú pòròpórò, a ní kòkòrò ni. Bí hóró inú àká bá di lúbúlúbú, kòkòrò ni. Bí ohun aláwọ̀ ewé kan bá hù bo ọmọ àgbàdo nínú háhá rẹ̀, a tún lè gbọ́ pé kòkòrò ni, nítorí pé láti ìgbà tí a ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìlera ní ilé-ẹ̀kọ́ ni a ti ń pe àwọn ẹ̀dá tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n sì ń fa àrùn, ní kòkòrò àìfojúrí tàbí kòkòrò àrùn. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí kò fi bẹ́ẹ̀ pani lára. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà níbẹ̀. Èkínní ni kòkòrò gan-an, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, tí ó ń jẹ àgbàdo. Èkejì ni ẹ̀dá kan tí kì í ṣe ẹranko tí kì í sì í ṣe ewéko, tí ó ń gba ojú ọgbẹ́ tí kòkòrò dá wọlé. Ẹ̀kẹta kì í tilẹ̀ ṣe ohun abẹ̀mí rárá: ohun búburú tí ẹ̀dá kejì yìí ń ṣe sínú hóró ni, tí yóò sì kù síbẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì ti lọ. Ẹni tí ó bá fi orúkọ kan pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oògùn kan náà ni yóò wá fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe bí ẹni pé ìwé ìléwọ́ kan wà tí a kọ fún àwọn àgbẹ̀, tí ó sọ pé "kòkòrò ni ó ń fa májèlé inú àgbàdo". A kò lè pe gbólóhùn náà ní irọ́. Ṣùgbọ́n kí ni àgbẹ̀ tí ó bá kà á yóò ṣe? Yóò wá oògùn kòkòrò. Ní ọ̀pọ̀ ọjà wa, ọ̀tápíàpíà ni yóò rà, yóò sì wọ́n ọn sórí àgbàdo tí ó ti bàjẹ́ ná. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra pé kí a má ṣe da irú oògùn bẹ́ẹ̀ sí oúnjẹ. Kòkòrò yóò kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun búburú tí ó ti wà nínú hóró kò ní í dín, a ó sì ti fi òmíràn kún un. Lójú tèmi, ẹni tí ó kọ ìwé náà ni ó yẹ kí a bá wí, kì í ṣe àgbẹ̀.

Ohun tí ó wà nínú hóró

Ní ọdún 1960, àwọn tòlótòló tí iye wọn ju 100,000 lọ kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín oṣù díẹ̀. Nígbà tí a kò mọ ohun tí ó pa wọ́n, lẹ́tà X ni a fi sọ àìsàn náà lórúkọ. Nígbẹ̀yìn, ìwádìí tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé inú oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ, èyí tí a fi ẹ̀pà láti ilẹ̀ Bùràsíìlì ṣe. Ẹ̀dá tí orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ń jẹ́ Aspergillus flavus ti hù lórí ẹ̀pà náà. Àwọn onímọ̀ mú lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú Aspergillus, wọ́n mú mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú flavus, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí oró kún un. Bí orúkọ tí àwa yóò máa pè ní afilatọ́síìnì ṣe wáyé nìyẹn. Ó yẹ kí àwa tí a ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kíyè sí i: orúkọ náà fúnra rẹ̀ sọ ẹni tí ó ṣe oró náà. Kò dárúkọ kòkòrò.

Àgbàdo àti ẹ̀pà ni oúnjẹ tí oró yìí ń bá jà jù. Ní ọdún 2004, ní apá ìlà-oòrùn Kẹ́ńyà, ènìyàn 317 ni a kọ sílẹ̀ pé àìsàn kọlù nítorí àgbàdo tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ọwọ́ ara wọn gbìn, tí wọ́n sì tọ́jú nígbà tí kò tíì gbẹ. 125 nínú wọn kú. Èyí ni ikú tí a tètè ń rí. Èyí tí ó ń rìn jẹ́jẹ́ burú jù ú lọ, nítorí pé ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ó ń ṣe ìwádìí nípa jẹjẹrẹ ti ka afilatọ́síìnì mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bá jà, ewu náà sì máa ń pọ̀ sí i gidigidi fún ẹni tí ó bá ní àrùn mẹ́dọ̀wú irú B lára.

Ní tòsí wa, ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2002 yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ 480 wò ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, láti ọmọ oṣù mẹ́sàn-án títí dé ọmọ ọdún márùn-ún. Àmì oró yìí wà nínú ẹ̀jẹ̀ 99 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Àwọn ọmọ tí a ti já lẹ́nu ọmú ní i ju àwọn tí ó ṣì ń mu ọmú lọ, kò sì yẹ kí èyí ya ẹnikẹ́ni tí ó mọ ohun tí a fi ń já ọmọ lẹ́nu ọmú ní ilẹ̀ wa lẹ́nu: ògì ni. Lẹ́yìn náà, a tọ ipasẹ̀ ọmọ 200 fún oṣù mẹ́jọ ní Bẹ̀nẹ̀. Ìdá mẹ́rin ni a pín wọn sí. Àwọn tí oró náà pọ̀ jù lára wọn fi ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 1.7 dàgbà sókè kéré sí àwọn tí ó kéré jù lára wọn. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Oró kejì wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé, fumonísíìnì. Ọdún 1988 ni a kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní Gúúsù Áfíríkà. Fusarium verticillioides, tí àwọn ìwé àtijọ́ ń pè ní Fusarium moniliforme, ni ó ń ṣe é. Ẹṣin tí ó bá jẹ ẹ́ lájẹjù, ọpọlọ rẹ̀ ni yóò bàjẹ́.

Bí kòkòrò ṣe ń ṣílẹ̀kùn

Aṣọ ni ọmọ àgbàdo fi ń dáàbò bo ara rẹ̀. Háhá bò ó ní ìpele-ìpele, awọ líle sì bo hóró kọ̀ọ̀kan. Irúgbìn Aspergillus flavus, tí ó dà bí ìyẹ̀fun lẹ́búlẹ́bú, wà nínú ilẹ̀, lára pòròpórò ọdún tí ó kọjá, àti nínú afẹ́fẹ́. Ó lè bá irun wúruwùru orí ọmọ àgbàdo wọlé. Ṣùgbọ́n bí háhá bá dì dáadáa tí awọ hóró kò sì ní àléébù, kò rọrùn fún un láti dé ibi funfun tí oúnjẹ wà. Iṣẹ́ tí kòkòrò ń bá a ṣe ni pé ó ń ya aṣọ méjèèjì.

Àpẹẹrẹ tí ó wù mí jù ni ti Mussidia nigrivenella ní Bẹ̀nẹ̀. Àfòpiná ni ìyá rẹ̀. Ọmọ àgbàdo ni ó ń yé ẹyin sí, ìdin tí ó bá sì pa yóò máa jẹ hóró lábẹ́ háhá, níbi tí ojú àgbẹ̀ kò tó. M. Sétamou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n bá ẹ̀ka IITA ní Bẹ̀nẹ̀ ṣiṣẹ́, tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde ní ọdún 1997 àti 1998. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ìdin bá ṣe ń ba ọmọ àgbàdo jẹ́ tó ni Aspergillus flavus àti afilatọ́síìnì ṣe ń pọ̀ nínú rẹ̀ tó, kí a tilẹ̀ tó kórè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé tí a ń kọ fún àgbẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé inú àká nìkan ni àgbàdo ti ń bàjẹ́. Ẹni tí ó bá kó irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ wọ àká, oró ni ó bá a wọlé.

Ihò nìkan kọ́ ni ìdin ń fi sílẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ tutù, ó dàpọ̀ mọ́ èérún hóró, ó sì di ibùsùn fún ohun tí ó fẹ́ hù. Ẹ̀yìn èyí ni àwọn kòkòrò pẹ́pẹ̀pẹ́ kan, bí irú àwọn Carpophilus, yóò wá gba ojú ihò náà wọlé. Orí pàǹtírí oko ni wọ́n ti ń bọ̀, lẹ́búlẹ́bú irúgbìn náà sì wà lára wọn.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀-ìperí kan ti ń fẹ́ àtúnyẹ̀wò. Àwọn kan ti lo "agbàrùnkiri" fún ẹ̀fọn tí ó ń gbé ibà kiri, wọ́n sì fẹ́ lò ó fún kòkòrò àgbàdo pẹ̀lú. N kò fara mọ́ ọn. Láìsí ẹ̀fọn, ibà kì í sábà ti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n Aspergillus lè wọ inú àgbàdo láìsí kòkòrò kankan, pàápàá bí ọ̀dá bá dá tí ooru sì mú nígbà tí àgbàdo ń yọmọ. Kòkòrò mú kí ọ̀nà rọrùn ni. Nítorí náà, mo dábàá "aṣílẹ̀kùn" fún kòkòrò tí ó ń dá ọgbẹ́, kí a sì fi "agbérúgbìn" pe èyí tí ó ń gbé irúgbìn náà kiri. Kòkòrò kan lè jẹ́ méjèèjì.

Ti Fusarium tún yàtọ̀. Ó lè máa gbé inú pòròpórò láìjẹ́ kí a rí àmì àìsàn kankan. Àwọn ìdin Eldana saccharina àti Sesamia calamistis, tí wọ́n ń gbẹ́ inú pòròpórò, ń tàn án kálẹ̀ nínú ihò wọn. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ní Bẹ̀nẹ̀ ṣàkíyèsí ohun mìíràn: àgbàdo tí Fusarium ti wà lára rẹ̀ ni àwọn ìdin yìí pọ̀ sí jù. Èkínní ń pe èkejì, èkejì náà ń pe èkínní. Ní Aiowa ní Amẹ́ríkà, ìwádìí àwọn ọdún 1990 fi hàn pé àgbàdo tí a yí àbùdá rẹ̀ padà kí ó lè pa ìdin tí ń gbẹ́ ẹ ní fumonísíìnì tí ó dín kù. Ní ti afilatọ́síìnì, àbájáde irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò dọ́gba níbi gbogbo.

Láti ọdún 2016 ni a ti ń rí Spodoptera frugiperda ní Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Orúkọ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fún un jẹ mọ́ ekòló àti ọmọ ogun, mo sì bẹ àwọn atúmọ̀-èdè pé kí wọ́n má ṣe tẹ̀ lé e. Ekòló tiwa kò ní ẹsẹ̀, inú ilẹ̀ ni ó ń gbé, kì í sì í di àfòpiná. Ìdin ni ẹ̀dá yìí.

Ní inú àká, kòkòrò àgbàdo tí gbogbo wa mọ̀, Sitophilus zeamais ẹlẹ́nu gígùn, ni olórí. Abo rẹ̀ yóò fi ẹnu lu hóró, yóò yé ẹyin kan sínú ihò náà, yóò sì fi ohun kan bí oje dí i. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kòkòrò tuntun yóò jáde. Àgbàdo tí omi inú rẹ̀ kò ju ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ kì í sábà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kòkòrò ń mí, èémí rẹ̀ sì ń mú ooru àti ọ̀rinrin wá. Bí wọ́n bá pọ̀ lójú kan nínú àpò, ibẹ̀ yóò gbóná, yóò tutù, àgbàdo tí a ti sá gbẹ yóò sì padà rin. Ẹni tí ó bá ti ki ọwọ́ bọ irú àpò bẹ́ẹ̀ kò nílò àlàyé mi. Prostephanus truncatus, tí ó wá láti Mẹ́síkò àti agbègbè rẹ̀, tí a sì rí ní Tógò ní 1984, tún burú ju èyí lọ ní ti sísọ hóró di lẹ́búlẹ́bú.

Olú, ìmúwòdù, hùkàsì

Orúkọ wo ni kí a wá pe ẹ̀dá kejì? Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀. "Olú" ni a ń pe èyí tí a ń rí lórí igi jíjẹrà àti lórí ilẹ̀, tí a ń fi se ọbẹ̀. B. A. Oso ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1975 lórí bí àwọn Yorùbá ṣe mọ olú, tí wọ́n sì ń lò ó. Mo fara mọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ fẹ "olú" lójú kí ó lè dúró fún gbogbo ìran ẹ̀dá yìí, ńlá àti kékeré. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ fún ìyá kan pé olú wà nínú àgbàdo rẹ̀, ó lè béèrè pé irú èwo ni, ṣé a lè jẹ ẹ́?

A ní "bu" pẹ̀lú: ẹ̀kọ a máa bu. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó kúrú jù, nínú ìwé tí a kò bá sì fi àmì ohùn sí, yóò dàpọ̀ mọ́ bù àti bú. Bíbélì Yorùbá lo "ìmúwòdù" fún ohun tí ó ń kọlu ohun ọ̀gbìn nínú oko, ó sì lo "hùkàsì" nínú ìwé Jóṣúà fún oúnjẹ àwọn ará Gíbéónì tí ó ti gbó. Ó dára kí a fi ìmúwòdù sílẹ̀ fún àrùn tí ó ń bo ewé lójú. Hùkàsì ni ó bá tiwa mu, nítorí pé ara oúnjẹ ni a ti mọ̀ ọ́n. "Olú-hùkàsì" ni mo dábàá: olú ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọbẹ̀. Òwú tín-ín-tìn-ín tí ó fi ń ta kiri inú hóró, kí a pè é ní òwú-olú.

Oró kì í ṣe májèlé

Nínú ìwé púpọ̀, "májèlé" ni a ń kà fún ohun kẹta. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn sábà máa ń wà nínú ọ̀rọ̀ májèlé. A ní a fún un ní májèlé jẹ, a ní wọ́n fi májèlé sí oúnjẹ rẹ̀. Ní abúlé tí ènìyàn mẹ́ta bá ti kú nínú ilé kan lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹni tí ó bá wí pé májèlé wà nínú àgbàdo wọn ti dá ẹjọ́ sílẹ̀. Wọn yóò máa wá ẹni tí ó fi í síbẹ̀.

"Oró" ni ohun tí ẹ̀dá fúnra rẹ̀ ń ṣe: oró ejò, oró àkeekèé, oró agbọ́n. Àwọn kan yóò ní oró ejò máa ń bá ẹnu ejò wọlé, olú kì í sì í buni jẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a ń sọ pé oró wà nínú ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ dáadáa, ẹ̀gẹ́ kò sì ní eyín. Àǹfààní mìíràn tún ni pé oró ń bímọ: a lè rí olóró, aláìlóró, àti ìlóró láti ara rẹ̀. "Oró-hùkàsì" ni kí a máa pe gbogbo ìdílé náà, kí afilatọ́síìnì àti fumonísíìnì sì jẹ́ orúkọ irú kọ̀ọ̀kan. A gbọ́dọ̀ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé sísè kò lè pa afilatọ́síìnì. Omi tí ń hó kò gbóná tó ohun tí ó lè tú u ká.

Ní ti lẹ́tà ara orúkọ wọn, B1, G1 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí a má ṣe túmọ̀ wọn. B àti G wá láti inú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọ̀ aró àti àwọ̀ ewé tí wọ́n ń tàn lábẹ́ ìtànṣán kan tí ojú wa kò lè rí. M sì dúró fún wàrà, nítorí pé inú wàrà màlúù tí ó jẹ oúnjẹ olóró ni a ti mọ̀ ọ́n. Àmì ni wọ́n, bí àmì inú ìmọ̀ kẹ́mísírì.

Ìbàdàn ni mo ti rí ẹ̀rí pé a kò lè ṣe láìya olú sọ́tọ̀ kúrò lára oró. Kì í ṣe gbogbo irú Aspergillus flavus ni ó ń ṣe oró. Àwọn onímọ̀ IITA àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ṣa àwọn tí kì í ṣe oró nínú àwọn tí ó ti wà nínú ilẹ̀ Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, wọ́n fi wọ́n bo hóró ọkà bàbà, wọ́n sì pe àkójọ náà ní Aflasafe. Ọdún 2014 ni ó gba ìwé àṣẹ NAFDAC. Kílò 10 ni a ń fọ́n sí hẹ́kítà kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú kí àgbàdo tó yọ irùkẹ̀rẹ̀. Aláìlóró yóò gba ipò mọ́ olóró lọ́wọ́. Báwo ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé èyí fún àgbẹ̀ bí kòkòrò ni gbogbo wọn ń jẹ́? A ó ní kí ó lọ ra kòkòrò fọ́n sí oko! Ṣùgbọ́n "olú-hùkàsì aláìlóró" kò nílò àlàyé púpọ̀.

Ìwé ìléwọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ lè wá rí báyìí:

"Kòkòrò a máa lu háhá àti hóró àgbàdo. Ojú ihò yìí ni olú-hùkàsì ń gbà wọlé. Olú-hùkàsì a máa ṣe oró sínú hóró. Oògùn kòkòrò kò lè yọ oró yìí, sísè kò sì lè pa á. Ẹ tètè kórè bí àgbàdo bá ti gbó. Ẹ sá a kí ó gbẹ, kì í ṣe lórí ilẹ̀ lásán. Ẹ ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ àti èyí tí ó ti hùkàsì kúrò kí ẹ tó kó o wọ àká. Ẹ má ṣe fi èyí tí ẹ ṣà kúrò bọ́ adìyẹ."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kì í sí nínú ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé adìyẹ ni a kọ́kọ́ ń rántí ní agbo ilé bí a bá ti ń ṣa àgbàdo. Ní ti "olú-hùkàsì", bí àgbẹ̀ kan bá béèrè pé irú olú wo nìyẹn, kí olùkọ́ já háhá ọ̀kan tí ìdin ti jẹ, kí ó sì fi òwú rẹ̀ hàn án lójú ihò.